Ọwọ́ Tí Mo Nà Sókè

                                                  Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                                  Ẹ̀yìn Ọgbà Ọkọ̀.
                                                  Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta.

Gìrìpá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá rẹ tí o lọ tọ́jú ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ wọn ti ń gba ilẹ̀, àbí ẹ ṣì ń gbé wọn dìde? Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé ọmọ wọn ajórin ní kí wọ́n tètè gbádùn, kí wọ́n wá máa bá wa jà bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ tí ẹ jọ lọ ńkọ́? Ṣé ara wọn le? Ara tiwa náà le níbí. Ọkàn mi ni kò balẹ̀, òun ló sì gbé mi jókòó ti tábìlì láàárọ̀ yìí.

Gìrìpá, wọ́n ti dìbò lẹ́yìn rẹ. Àwọn ọ̀gá ọgbà ní àwọn kò kan ọkọ̀ ojú omi tuntun mọ́. Wọ́n ní òkè òkun ni gbogbo olówó ti ń ra ọkọ̀ báyìí, pé lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ ní ń gé irin, ẹ̀rọ ní ń tò ó, kí o tó ṣẹ́jú, ọkọ̀ ti wà lójú omi. Àtúnṣe nìkan ni ọgbà wa yóò máa ṣe. Ìyẹn ni pé àwa tí à ń fi iná jó irin pọ̀ yóò dúró, ẹ̀yin tí ẹ ń to egungun ọkọ̀ tuntun yóò gba ilé yín lọ. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí i, ẹgbẹ́ sì fọwọ́ sí i. Èmi ni mo fà á.

Jọ̀ọ́, má tíì ju ìwé nù. Gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ná.

O mọ etí mi. Ariwo irin ti jẹ ẹ́ tán, bó ṣe jẹ tìrẹ. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ ìbò náà, makirofóònù ń han bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Alága ń sọ̀rọ̀, èmi ń wo ẹnu rẹ̀, mi ò gbọ́ ju "iṣẹ́" lọ. Ni mo bá na ọwọ́ sókè, àtẹ́lẹwọ́ síwájú, bí a ṣe máa ń nà án sí ẹni tó ń wa kirénì nígbà tí irin bá ń mì lókè orí wa. Kò sí ọmọ ọgbà tí kò mọ̀ pé "Dúró ná!" nìyẹn. Mo fẹ́ kó dúró, kó tún un sọ ni. Àṣé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ni pé kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́!

Mo bojú wẹ̀yìn, yéè! Gbogbo ikọ̀ mi ti nawọ́. Àwọn náà kò gbọ́. Ọwọ́ èmi fọ́máànù, olórí ikọ̀ wọn, ni wọ́n ń wò, bí èmi fúnra mi ṣe kọ́ wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn rí i, wọ́n nà tiwọn. Alága ní, "Ó ti tó, ó ti tó, ẹ ti pọ̀ jù." Wọ́n ní ẹyin lohùn, tèmi, ọwọ́ ni.

Bó bá jẹ́ àṣìṣe yẹn nìkan ni, à bá fi ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu, akọ̀wé ẹgbẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó pariwo sí mi létí pé iṣẹ́ àwa ajórin kò mì rárá. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọwọ́ mi ti ṣì sọ̀rọ̀, mo sì dákẹ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu. Wọ́n ń kí mi kú ọgbọ́n, mo sì ń dáhùn! "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Ìyá àwọn ọmọ yọ̀ títí, ó ní Ọlọ́run mọ̀ pé ọmọ wa àgbà fẹ́ wọ yunifásítì. Èmi náà jókòó, mo jẹun. Mo jẹun dáadáa, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Àfi bí mo ṣe rántí bàbá rẹ. Láyé tiwọn, ìṣó irin gbígbóná ni wọ́n fi ń so ọkọ̀ pọ̀, òòlù wọn kì í sinmi. Nígbà tí iná àwa ajórin dé, àwọn ọ̀gá ní kí àwọn olóòlù máa lọ sílé. Ìwọ àti èmi la jọ rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń fi ìka lu àpótí tí wọ́n jókòó lé, láìmọ̀. Síbẹ̀ àwọn ló mú mi lọ kọ́ iṣẹ́ iná náà. Wọ́n ní iná kò ṣẹ àwọn, èmi náà kò sì ṣẹ àwọn. Ojú wo ni màá fi wo ọmọ wọn báyìí? Ojú ń tì mí, Gìrìpá. Ó ń tì mí gan-an.

Láàárọ̀ àná, mo lọ bá alága, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ìbò ti di ìbò, àfi bí fọ́máànù àwọn tó ń to egungun ọkọ̀ bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé iwájú ẹgbẹ́ ṣáájú Ọjọ́bọ̀, kó ní kí a tún ìbò náà dì. Ìwọ nìyẹn. Nítorí náà, máa bọ̀. Ìyá kò ní bínú, wọ́n mọ ọgbà ju àwa méjèèjì lọ. Bí o bá ti dé, màá dìde lójú gbogbo ayé, màá sì fi ẹnu sọ ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà.

Àwọn ọ̀gá ti wí pé bí a bá kọ̀, àwọn lè ti gbogbo ọgbà pa, kí èmi náà wá ọ̀nà ilé lọ. Mo mọ̀. Ìyá àwọn ọmọ ni kò tíì mọ̀. Ó ní kí n kí ọ, ó ní kí n kí Ìyá, ó tilẹ̀ ń bi mí pé ìgbà wo lẹ ń bọ̀. Mo tẹ orí mọ́ ìwé yìí, mo ń kọ lọ.

Ó ku òótọ́ kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Bí mo ti ń bẹ̀ ọ́ pé kí o wá yìí, apá kan nínú mi ń gbàdúrà kí lẹ́tà yìí pẹ́ lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dúró de ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́la, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti pẹ́. Awakọ̀ tó ń lọ sápá ọ̀dọ̀ yín ti ń fun fèrè níta. Jẹ́ kí n sáré lọ fi lé e lọ́wọ́ kí n tó yí ọkàn padà.

                                                  Èmi ni, tìrẹ síbẹ̀ bí o bá ṣì gbà bẹ́ẹ̀,
                                                  Ajórin.