Bọ́síndè Kì Í Ṣe Ọjọ́ Ẹ̀ṣẹ́

Ọjọ́ Àìkú, 6 Disẹ́ńbà 2009
Wàhálà dé. Pásítọ̀ ìjọ wa tuntun ní kò sí Kérésì nínú Bíbélì. Ó ní ọdún oòrùn ni àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ń ṣe lọ́jọ́ yẹn, wọ́n kàn fi orúkọ Jésù bò ó ni. Gbogbo èèyàn ń ṣe Àámín. Ti Màámi ló ròkè jù.
A délé, ó ní ìrẹsì Kérésì ti parí nínú ilé yìí.
Ẹran Iléyá tí Àlàájà, ìyá Hajarat ọ̀rẹ́ mi, gbé fún wa ṣì wà nínú ìkòkò! Iléyá, wọ́n á gbé wá. Kérésì, àwa náà á gbé lọ. Látìgbà tá a ti kó dé Ṣàngó. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Hajarat?

Ọjọ́ Ajé, 7 Disẹ́ńbà
Mi ò bá Màámi sọ̀rọ̀. Kò tiẹ̀ mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17 Disẹ́ńbà
Bọ̀dá Afọlábí, ẹ̀gbọ́n mi, ti yunifásítì dé. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù. Àwọn kan ní ọdún oòrùn ni, àwọn kan ní oyún Màríà ni wọ́n kà láti oṣù kẹta tó fi bọ́ sí Disẹ́ńbà. Wọ́n ṣì ń jiyàn. Yunifásítì náà rèé!
Mo wá bi í ìdí tí wọ́n fi ń kan ẹ̀ṣẹ́ ní Bọ́síndè, ọjọ́ kejì Kérésì. Ó rẹ́rìn-ín ṣubú sórí bẹ́ẹ̀dì. "Fọlákẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́! Páálí ni. Àwọn òyìnbó máa ń kó ẹ̀bùn sínú páálí fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn."
Ọdọọdún ni èmi àti Sírájú, àbúrò Hajarat, ń lu ara wa ní Bọ́síndè. Ó ti yọ eyín mi rí. Lásán!

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Disẹ́ńbà
Ẹ̀bà. Lọ́jọ́ Kérésì. Báńgà ń dún níta. Hajarat kan ilẹ̀kùn — mo sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Disẹ́ńbà
Àlàájà gbé páálí bísíkíìtì wọlé. Kúlà ìrẹsì ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú adìẹ. Ó ní, "Ìyá Afọlábí, a ò gbóòórùn ọbẹ̀ yín lánàá. A rò pé nǹkan ò rọgbọ ni. Ẹ kú ọdún o."
Màámi la ẹnu. Mo ní ó ti dé, ó fẹ́ sọ ti oòrùn. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé o, Àlàájà. Ọdún á yabo."
Àlàájà lọ tán, Màámi mú itan adìẹ. "Kì í ṣe Kérésì o. Bọ́síndè ni." Àṣé ó ń gbọ́ èmi àti Bọ̀dá Afọlábí lọ́jọ́ yẹn!
Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ kúlà, ó wò ó títí. "Fọlákẹ́, lọ ra ìrẹsì wá. A kì í dá kúlà oníkúlà padà lófìfo."
Mo sáré.
Ìrẹsì ti ń hó báyìí. Sírájú wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì. Mi ò tíì sọ fún un pé páálí ni.