Darlene Wà Nínú Ọgbà, Èmi Wà Níta

Èmi, Vernon Dale Pruett, tí mò ń gbé ní òpópónà Cypress Bend ní ìlú St. Cloud, ní ìpínlẹ̀ Florida, tí mo fi ọjọ́ ayé mi tún bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, ni mo kọ ìwé yìí. Ọpọlọ mi pé. Dókítà sọ bẹ́ẹ̀, lọ́yà sọ bẹ́ẹ̀, Rochelle ọmọ mi nìkan ni kò tíì gbà. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi, kò sì sí ẹni tó rọ mí lọ́tí. Gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú èyí, mo ti fagi lé wọn.

Mo yan ènìyàn méjì láti mú ìwé yìí ṣẹ. Èkíní ni Rochelle Pruett Haines, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Èkejì ni Milagros Oquendo, akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọlọ́jọ́bọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ ṣì wà. Ẹnu á ya Milagros, torí èmi àti ẹ̀ ò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ọgbà ìgbafẹ́ Marlow ti fi owó lé owó tíkẹ́ẹ̀tì. Kó jókòó, kó máa kà á lọ.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló wà nínú ìwé yìí, ẹrù ilé ni ìyókù. Ọ̀rọ̀ náà ni ibi tí wọn yóò kó eérú mi sí nígbà tí wọ́n bá sun òkú mi tán. Eérú Darlene ìyàwó mi wà nínú ọgbà Marlow, lábẹ́ omi Odò Àtùpà, odò àtọwọ́dá kan níbẹ̀. Mo fẹ́ lọ bá a. Rochelle ò fẹ́ kí n lọ. Rochelle, má ṣí i lọ sẹ́yìn láti wo èyí tí mo mú. N ó débẹ̀.

1. Mo há ilé mi, àti ilẹ̀ tí ó dúró lé, fún Rochelle. Òrùlé ń jò lókè ibi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wà. Kí Garrett ọkọ rẹ̀ má ṣe gùn ún. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní nǹkan burúkú kan láti sọ nípa rẹ̀, àmọ́ mo ti rí i níbi tó ti di òòlù mú.

2. Mo há àpótí sípánà mi, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, fún Garrett tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn. Kó kọ́ ọ. Kò tíì pẹ́ jù.

3. Mo há àwọn báàjì Darlene, èyí tó lẹ̀ mọ́ aṣọ pupa lára ògiri yàrá, fún Milagros Oquendo. Òun àti Darlene ni wọ́n jọ kó wọn jọ, pẹ̀lú pàṣípààrọ̀, lọ́wọ́ àwọn àlejò àti àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà. Èyí tó ní ẹyẹ òdìdẹ́ lórí, ọ̀dọ̀ Milagros gan-an ni Darlene ti gbà á, ó sì rẹ́ ẹ jẹ níbẹ̀. Ní báyìí ó ti padà sọ́wọ́ olówó ẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bí Ọjọ́bọ̀ ṣe rí, kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí ní kóòtù má bàa rò pé ọmọdé ni wá. Nígbà yẹn, àwa ará àdúgbò ní páàsì tiwa, owó rẹ̀ ò pọ̀, a sì lè wọ ọgbà Marlow nígbà tó bá wù wá. Àwa tí a ti fẹ̀yìntì, tí à ń pe ara wa ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́jọ́bọ̀, a máa pàdé ní Ọjọ́bọ̀ lórí bẹ́ńṣì tó wà níwájú Odò Àtùpà, torí àwọn ọmọ ilé-ìwé kì í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. A ó jẹ búrẹ́dì tí a dì wá láti ilé. A ó sọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dun wá. Lẹ́yìn náà a ó wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré, yóò gbé wa gba inú ihò tó ṣókùnkùn kọjá láàárín àwọn ọmọláńgidi tó gbé àtùpà lọ́wọ́. Iwájú pátápátá ni Darlene máa ń jókòó. Bí ẹlòmíràn bá ti jókòó síbẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ, kó dúró de òmíràn. Èmi a máa jókòó lẹ́yìn rẹ̀, n ó máa wo irun rẹ̀. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí. Mo kọ ọ́ síbí torí mi ò rántí bóyá mo sọ ọ́ tó nígbà tó wà láàyè.

Nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀, tó sì kú, mo ṣe ohun tí irú àwa yìí máa ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọgbà yẹn dénú ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n á sun òkú tán, wọ́n á bu eérú sínú ike oògùn, wọ́n á gbé e kọjá lójú ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ àpò wò, wọ́n á dà á síbi tí olóògbé fẹ́ràn jù. Àwọn alákòóso ní èèwọ̀ ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mọ̀ pé à ń ṣe é. Inú ike àtíkè Milagros ni Darlene wà lọ́jọ́ náà, torí Milagros ní, "Ọkùnrin wo ló máa ṣí àtíkè obìnrin wò? Ìwọ ṣáà tẹ̀lé mi, kí o má fajú ro." Ẹ̀ṣọ́ náà ò ṣí i. Níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́ọ̀nà, lẹ́bàá ọmọláńgidi tó wọ aṣọ búlúù, a dà á. Kò sẹ́ni tó sunkún. Nígbà tí a gúnlẹ̀, ọmọbìnrin tó ń bójú tó ọkọ̀ ní kí a rọra gbé ẹsẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ ni mo dà sínú omi. Mi ò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Ohun tí mo rò ni pé Ọjọ́bọ̀ mìíràn ń bọ̀, n ó sì tún rí i. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ibi tó ní géètì ni mo gbé ìyàwó mi sí, àti pé géètì yẹn ní olówó.

4. Mo há ológbò mi, Waffles, fún Delbert Nygaard, tí a jọ wà nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́jọ́bọ̀. Ológbò náà ò fẹ́ràn Delbert. Kò sí èyí tó kàn mí níbẹ̀. Delbert jẹ mí ní gbèsè ẹ̀bẹ̀ kan, bí kò bá sì lè bẹ̀ mí, kó máa bọ́ ológbò mi.

Gbèsè náà rèé. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọgbà Marlow kéde pé páàsì ará àdúgbò ti dópin. Páàsì mìíràn tó kù, owó rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba dọ́là, wọn ò sì tíì ka ibi ìgbọ́kọ̀sí mọ́ ọn. Ojú ewé Ẹgbẹ́ Ọlọ́jọ́bọ̀ lórí Fesibúùkù gbóná. Obìnrin kan kọ ọ́ pé inú ọgbà yẹn ni ọkọ òun ti fẹ́ òun, ó wá bi wọ́n pé ṣé wọ́n á dá ìgbéyàwó náà padà ni. Ẹnìkan ní gbogbo nǹkan ló wọ́n, ẹyin pàápàá wọ́n, wọ́n sì bú u títí ó fi pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́. Géńdé kan láti Tampa kọ ọ́ pé, "Ẹni tí kò bá lówó kó jókòó sílé ẹ̀ jàre, ìlà á kúrú fún wa." Delbert wá dáná sun fìlà Marlow rẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, ó sì ya fídíò rẹ̀. Ó ń pariwo níbẹ̀ pé, "Ó parí! Mo ti bá wọn parí! Ẹ wá wò ó!" Àwọn ènìyàn yìn ín gan-an.

A pàdé ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé oúnjẹ tí a ti máa ń jẹ pankéèkì. Milagros gun ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù mi, ó sì sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ní, "Wọn ò rí wa bí ènìyàn, àpò wa ni wọ́n ń rí! Ta ló jókòó tì wọ́n nígbà tí ìjì fọ́ ibẹ̀? Àwa náà ni! A ò ní san kọ́bọ̀, àfi tí wọ́n bá bẹ̀ wá!" Gbogbo wa na ọwọ́ sókè, a búra. Mo na tèmi.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti ń san án. Wọ́n ní sísan díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù wà, kì í ni èèyàn lára. Delbert san tirẹ̀, ó sì ra fìlà tuntun, irú èyí tó sun gẹ́lẹ́. Milagros náà san. Mo pè é lórí fóònù, mo bi í pé ṣé òótọ́ ni. Ó ní, "Vernon, wò ó, gbọ́ mi. Orúnkún méjèèjì ló ń dùn mí, àwọn ọmọ mi wà ní Ohio. Níbo ni kí n wá lọ ní Ọjọ́bọ̀? Kí n jókòó kí n máa wo firiji?" Mo ní kó má pè mí mọ́. Ó ṣe bí mo ṣe wí.

Èmi nìkan ni mo dúró lórí ìbúra náà. Ọgbà Marlow ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí láti bi mí léèrè ìdí tí mi ò fi wá mọ́. Ká ní mi ò tilẹ̀ búra, owó ìfẹ̀yìntì mi ò lè gbé e. Láti ìgbà náà ni mi ò ti dé ọ̀dọ̀ ìyàwó mi. Ó dùn mí ní ọdún àkọ́kọ́. Nísinsìnyí kò ṣe mí bákan. Bí Ọjọ́bọ̀ bá dé, mo máa ń gé koríko iwájú ilé, yálà ó ga tàbí kò ga.

5. Mo há ọkọ̀ akẹ́rù mi fún ìjọ tó wà ní kọ́ọ̀nà, kí wọ́n máa fi kó oúnjẹ fún àwọn aláìní. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn.

Nígbà Kérésì, Delbert wá dá wáyà tí a fi ń jí bátìrì padà. Kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó ti sọ fún mi pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Milagros ń jókòó síwájú ọkọ̀ lórí Odò Àtùpà, níbi tí Darlene máa ń jókòó, àti pé tí ó bá dé kọ́ọ̀nà yẹn, ó máa ń sọ̀rọ̀ sínú omi. Ó máa ń ní, "Darlene, Vernon ní kí n kí ẹ o." Mi ò ní kó bá mi kí ẹnikẹ́ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Delbert, mo sì lọ gbé wáyà náà kọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo sọ fún lọ́yà pé kó kọ ọ́ sínú ìwé yìí pé kí Milagros gbé eérú mi wọ ọgbà Marlow nínú ike àtíkè. Lọ́yà ní kóòtù ò lè pàṣẹ ohun tí olówó ọgbà ti ní èèwọ̀ ni. Mo ní kó kàn kọ ọ́ pé ohun tó wà nínú àpò Milagros ò kan kóòtù. À ń jiyàn lórí ìyẹn lọ́wọ́ nígbà tí Rochelle gbọ́.

Ó wá bá mi ní ọjọ́ Àìkú. Ó jókòó nínú kíṣínì, ó fi fóònù rẹ̀ ṣírò: òun, Garrett, àwọn ọmọ, ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ó ní, "Dádì, ẹ wò ó. Kí n tó lè sọ pé ẹ kú ọdún, ìdajì owó oṣù mi ti lọ. Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ mi máa ra tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó kí bàbá àgbà wọn ni?" Mo ní ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni mò ń lọ. Ó gbé fóònù kalẹ̀. Ó ní, "Mi ò tíì rí Mọ́mì láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé wọn síbẹ̀. Ẹ ò bi mí. Èmi náà ni mo ni wọ́n, Dádì, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan." Lẹ́yìn náà ó fọ àwo tó wà nílẹ̀, ó sì lọ sílé.

Mo ti rò ó láti ọjọ́ náà. Mi ò sunkún, mi ò sì bínú. Ohun tí géètì yẹn ṣe fún mi, bí wọ́n bá gbé mi wọ ibẹ̀, ohun náà gan-an ni n ó ṣe fún Rochelle.

6. Nítorí náà, mo pàṣẹ pé kí wọ́n sin eérú mi, gbogbo rẹ̀, sí ibi ìsìnkú ìlú St. Cloud, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Kò sí ẹni tó ń gba owó ìwọlé níbẹ̀. Milagros, mo mọ̀ ọ́, má ṣe bu ṣíbí kan pamọ́ sínú àtíkè.

7. Ohun tí mo fi sílẹ̀ fún ọ, Milagros, yàtọ̀ sí báàjì, ni iṣẹ́ kan. Ní Ọjọ́bọ̀ tó bá tẹ̀lé ìsìnkú mi, wọ ọkọ̀ ojú omi náà, jókòó síwájú. Bí o bá dé kọ́ọ̀nà, kí Darlene, lọ́tẹ̀ yìí èmi gan-an ni mo rán ọ. Sọ fún un pé mi ò ní lè wá. Má dárúkọ owó fún un rárá. Sọ fún un pé Rochelle ní kí n dúró ti òun.

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi sí i ní St. Cloud, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọdún 2025.

Vernon Dale Pruett

Àwa tí orúkọ wa wà nísàlẹ̀ yìí wà níbẹ̀, a sì fi ojú wa rí i nígbà tó ń buwọ́ lù ú:

Thaddeus Brill, agbẹjọ́rò

Iraida Belmonte, aládùúgbò