Ọmọ Ayò Kò Ní Orúkọ

Èmi, Muideen Àjàní Ọlánípẹ̀kun, ẹni tó ń gé páànù tí àwọn aládìrẹ ń tẹ́ sórí aṣọ kí wọ́n tó fi ẹ̀kọ kùn ún, tí mò ń gbé ní Ìtòkò, Abẹ́òkúta, ni mo ní kí a kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ojú mi sì ríran. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi kọ ọ́, àfi ẹni kan tí n óò dárúkọ rẹ̀ tó bá yá. Ìwé ìhágún yòówù tí mo ti kọ ṣáájú èyí, mo ti fagi lé e.

1. Ìyàwó mi, Mọ̀nsúrát, àti Lọ́yà Adépéjú ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ṣọ̀kan, ti Mọ̀nsúrát ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ọjọ́ tí èmi kò tẹ̀ lé e ló bí gbogbo wàhálà yìí.

2. Ilé tí mò ń gbé di ti ọmọ mi kan ṣoṣo, Saidat Àbẹ̀kẹ́. Kí ìyá rẹ̀ máa gbé inú rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹbí bàbá mi tí ẹ máa ń sọ pé obìnrin kì í jogún ilé, ẹ bi ara yín léèrè ẹni tó tún òrùlé yẹn ṣe nígbà tí òjò ń pa bàbá yín nínú rẹ̀.

3. Gbogbo páànù tí mo ti gé di ti Mọ̀nsúrát, aládìrẹ ni, ó mọ ìlò wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wá sí ìsọ̀ mi, ìjà ló bá wá. Ó ní ẹyẹ tí mo gé fún òun jọ adìẹ tí ara rẹ̀ kò yá. Ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì sọ fún un rí.

4. Ti àwọn ẹyọ pókà. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, pókà ni eré káàdì tí ọ̀rẹ́ wa Herbert kó wálé nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Àwa mẹ́rin la máa ń ta á ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Ìbarà: èmi, òun, Waheed onítírélà, àti Jẹ̀lílì tó ń dáko ní Odeda. Ẹyọ ni àwọn róbótó kéékèèké tó ń dúró fún owó nídìí eré náà. Herbert ní kí n ṣe tiwa fún wa. N kò ṣe irú rẹ̀ rí. Lára aṣọ, àwòrán a máa rìn lọ bó ṣe wù ú. Lórí ohun tí kò ju ọmọrí ìgò lọ, kò ríbi gbà. Mo ní kí káfíńtà Láfẹ́nwá gé igi àfàrà fún mi, mo fá a, mo kùn ún, mo sì gé etí oríṣi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé bí iná bá lọ, kí ìka mọ èyí tó dì mú. Herbert ní kí n kọ nọ́ńbà sí i. Mo ní ọmọ iléèwé náà lè kọ nọ́ńbà. Oríkì wa ni mo kọ: Àkànbí, ìyẹn Waheed, sára pupa, Àlàó, ìyẹn Jẹ̀lílì, sára aláwọ̀ ewé, Àjàní, èmi fúnra mi, sára aláró. Herbert ní òun kò ní oríkì, kí n ya ìràwọ̀ sára tòun. Èyí tó níye lórí jù, funfun kan ṣoṣo, mo kọ Àbẹ̀kẹ́ sí i, nítorí n kò ní ohun tó wọ́n tó ọmọ mi. Iṣẹ́ náà dára, n kò ní parọ́.

Ẹ mọ̀ pé nídìí tẹ́tẹ́, ẹni tó bá borí la ń sọ pé ó jẹ. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fi àwọn ẹyọ náà ta, Herbert gbá wọn mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti jẹ Àkànbí, òun ti jẹ Àlàó. Mọ̀nsúrát tó gbé oúnjẹ wá fún wa gbọ́ ọ. Nígbà tí a délé, ó bi mí pé kí ni mo gé yìí. Inú bí mi. Mo ní ó ti pẹ́ tí a ti ń ta ayò ní Ẹ̀gbá, a sì ń jẹ ọmọ níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ta ló kú? Ó ní ọmọ ayò kò ní orúkọ.

Lọ́jọ́ kan, Herbert jẹ gbogbo Àkànbí tán. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, tírélà Waheed ṣubú lójú ọ̀nà Ewékorò, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé. Bíréèkì ni, gbogbo wa rí i. Lẹ́yìn Iléyá ọdún tó kọjá, Herbert jẹ Àlàó tán, ejò bu Jẹ̀lílì jẹ lóko. Ejò ni, mo rí ojú egbò náà. Níbi ìsìnkú méjèèjì, Herbert ló kọ́kọ́ dé, ó sì jẹun dáadáa.

5. Àgbò mi funfun di ti opó Jẹ̀lílì. Kó má fi ṣe sàráà fún mi o. Kó tà á, kó fi gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ rẹ̀.

6. Ní oṣù tó kọjá, Herbert jẹ Àbẹ̀kẹ́. Ó fi í sápò, ó ní ó di ọjọ́ tí mo bá jẹ ẹ́ padà. Oyún oṣù méje wà nínú Saidat. Láti ọ̀sẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, tí òòyì ń kọ́ ọ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èmi náà gbà pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Síbẹ̀ mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Herbert, èmi tí mo jù ú lọ. Ó ní ohun tí òun bá ti jẹ, òun kì í pọ̀ ọ́, àfi kí n fi èyí tó tóbi jù ú lọ pààrọ̀ rẹ̀, kí n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún mi, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá òun jà lẹ́yìn mi.

Nítorí náà, mo gé Àjàní mìíràn, dúdú, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Mo fi í sílẹ̀ fún Herbert, kó di tirẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá kú. Ó ti dá Àbẹ̀kẹ́ padà, Mọ̀nsúrát sì ti fi dáná nídìí ìkòkò aró rẹ̀. Lánàá, Saidat jẹ ẹ̀bà, ó sì sùn.

7. Gbogbo ohun tí n kò dárúkọ, àti ohunkóhun tí ẹni tí mo fi í sílẹ̀ fún kò bá lè gbà lábẹ́ òfin, di ti Mọ̀nsúrát. Kí ẹ fún un ní ọ̀bẹ iṣẹ́ mi pẹ̀lú, àti ẹyọ funfun kejì tí mo gé pa mọ́, tí n kò kọ orúkọ kankan sí.

8. Adépéjú ti là á yé mi pé ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ìhágún gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kò lè jẹ ogún kankan nínú rẹ̀. Kò sì pọn dandan kí ẹlẹ́rìí ka ìwé. Ó kàn ń wo ẹni tó ni ín bó ṣe ń fọwọ́ sí i ni. Mo ti bẹ Herbert kó wá ṣe ẹlẹ́rìí fún mi. Inú rẹ̀ dùn, ó ní ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni mí. Adépéjú yóò ní kó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kó má fi ọ̀kan sílẹ̀, yóò sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹjọ́ ṣe fẹ́ ẹ. Bóyá òfin yìí dé ibi tí Herbert ti ń jẹun, lọ́yà kò lè sọ ìyẹn fún mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n Mọ̀nsúrát mọ̀wé kà, ọ̀bẹ náà sì mú.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí ní ọ́fíìsì Lọ́yà Adépéjú, Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹfà ọdún 2025, lójú àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì, àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú mi.

Muideen Àjàní Ọlánípẹ̀kun

Ẹlẹ́rìí kìíní: Ẹ̀bùn Ọláṣẹ̀hìndé, akọ̀wé

Ẹlẹ́rìí kejì: Herbert Àkànó Olúmidé