Igi Ẹ̀gbà Tí Ẹ Ní Kí N Má Gé

Bàbá mi,

Ẹ ti kú, lọ́dún tí ogun Biafra parí, nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹni tó bá rí ìwé yìí lè mọ̀ pé òkú ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kó má rò pé orí mi ti dàrú. N kò kàwé. Ẹ kò rán mi lọ síléèwé, n kò sì bá yín jà sí i. Ẹ̀bùn, àkọ́bí mi obìnrin, ló jókòó síwájú mi tó ń kọ ohun tí mò ń sọ. Bí àwa Ìlàjẹ ti ń sọ̀rọ̀ nílé wa, ìwọ ni mò ń pè yín. Òun ló ń sọ ọ́ di ẹ̀yin. Ó ní àwọn Yorùbá ará òkè, tí kì í gbé etí òkun, tó bá kà á yóò rò pé n kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Ìdí tí mo fi ní kó kọ ọ́ ni pé n kò ní ibi tí mo lè dúró sí mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá wà, ibi tí a sin yín sí lẹ́yìn ilé àtijọ́ ni mo máa ń lọ. Mo máa ń jókòó lórí iyanrìn, mo sì máa ń sọ ọ́ fún yín. Òkun ti gbé ibẹ̀ lọ. Ó kọ́kọ́ mú igi àgbọn méjèèjì, ó mú ilé, lẹ́yìn náà ló kàn yín. Ẹ má bínú. A ti kó ilé sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Ìyá Ẹ̀bùn náà ti kú, ọdún kẹrin rèé. Igbókòdá ni mo sin ín sí, níbi tí ilẹ̀ ti le, nítorí mo ti kọ́gbọ́n. N kò sunkún nígbà tí à ń bọ̀. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń wo omi. Àwọn èèyàn ní ọkàn mi le. Kí ni kó ṣe bí kò bá le?

Mo ṣì rántí yín dáadáa. Ẹ máa ń fọ ẹsẹ̀ kí ẹ tó wọlé, bí ẹni pé orí àpáta ni ilé wa wà, tó sì jẹ́ pé orí òpó nínú ẹrẹ̀ létí omi la kọ́ ọ sí. Ẹ máa ń bu ẹrẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ bóyá ẹja wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Orí ẹja inú ọbẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ ni ín, àfi ọjọ́ tí ara mi kò bá yá. Lọ́jọ́ náà ẹ ó gbé e sórí òkèlè púpurú mi, ẹ ó sì yí ojú sápá ibòmíràn bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bóyá ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Torí ohun tí ẹ bá mi sọ kẹ́yìn ni pé kí n má gé ẹ̀gbà tó wà láàárín abúlé wa àti òkun. Ẹ sọ orí ọ̀rọ̀, ẹ kò sọ ìdí. Ẹ̀gbà kò jẹ́ nǹkan kan lójú mi nígbà náà: igi tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró nínú omi iyọ̀ bí ẹsẹ̀ akàn, tí èèyàn kò lè gba àárín rẹ̀ kọjá láìṣubú. Mo rò pé ẹ̀rù iwin ló ń bà yín. Èmi ti wọ ìjọ aláṣọ funfun nígbà náà, mo ní kò sí igbó tó lè dẹ́rù bà mí. Mo gbé àáké. Ẹ kúkú mọ̀ pé kò sí igi tí a fi ń yan ẹja tó dà bí ẹ̀gbà. Iná rẹ̀ kì í tètè kú, ẹja rẹ̀ a sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìyá Ẹ̀bùn ń yan ẹja, èmi ń gé igi fún un. Àwọn mìíràn rí mi, wọ́n ń gé tiwọn. Mo gé e títí mo fi ń rí òkun láti ẹnu ilẹ̀kùn mi. Inú mi dùn pé atẹ́gùn ń wọlé. Bí mo ti ń rí òkun ni òkun náà ń rí mi, n kò mọ̀.

Kí ló dé tí ẹ kò sọ ìdí rẹ̀, Bàbá? Ṣé ẹ mọ̀ pé igi náà ló ń fọ́ agbára ìgbì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa? Ṣé ẹ mọ̀ pé abẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ ni ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí kó tó dàgbà? Àbí bàbá tiyín ló ní kí ẹ má gé e, tí òun náà kò sọ ìdí? Bí ẹ bá sì sọ ọ́, ṣé mo máa gbọ́? N kò rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ìròyìn rere báyìí. Abúlé ti pawọ́ pọ̀. Lọ́jọ́ tí omi wọ inú ilé ìjọsìn tí àga ń léfòó, gbogbo wa jókòó, a ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé ẹ̀gbà tútù mọ́. Èyí tó bá kú fúnra rẹ̀ la lè ṣẹ́, èèpo àgbọn la fi ń kún iná. Ẹni tí a bá mú, a kì í lù ú. Ìṣojú gbogbo èèyàn ni yóò ti wọ inú ẹrẹ̀ lọ gbin òmíràn, àwọn obìnrin á sì tò sórí afárá pákó, wọn á máa kọrin bú u. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo dá òfin náà lábàá. Èmi tí mo gé e jù ni mo mọ ohun tó lè dá èèyàn dúró.

Gbígbìn rẹ̀ ló fẹ́ dójú tì wá. Ta ló gbin ẹ̀gbà rí? Ọmọ rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń so rọ̀ lára igi bí àbẹ́là tútù. Àwa ọkùnrin kó o sínú ọkọ̀. Ẹ mọ ọkùnrin Ìlàjẹ: ibi tí ọkọ̀ bá lè dé, kò ní fi ẹsẹ̀ rìn ín. A dúró títí omi fi kún, a tukọ̀ lọ síbi tí a ti gé igi, a jókòó sínú ọkọ̀, a ń fi ọ̀pá ti ọmọ ẹ̀gbà wọ inú ẹrẹ̀ tí ojú wa kò tó. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é, à ń kọrin. Nígbà tí omi fà, gbogbo abúlé jáde wá wò ó. Èyí tó pọ̀ jù ti léfòó lọ. Èyí tó kù, orí rẹ̀ la rì mọ́ ẹrẹ̀, ìdí rẹ̀ ló wà lókè.

Àwọn obìnrin tó ń ṣa ìṣáwùrú rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀bùn wà láàárín wọn.

“Bàbá, ṣé ọ̀run lẹ fẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ lọ ni?”

Mo ní, “Bí o bá mọ̀ ọ́n gbìn, sọ̀kalẹ̀.”

“Ta ló pè wá? Ṣebí ẹ ní iṣẹ́ ọkùnrin ni.”

Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sọ̀kalẹ̀. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Láti kékeré ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé ìyá wọn wọ inú ẹrẹ̀ náà. Wọ́n mọ ibi tó le, wọ́n mọ ibi tí omi kì í pẹ́ kó tó fà. Wọ́n ń fi ọwọ́ tì í wọlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn. Nǹkan tí wọ́n gbìn lọ́jọ́ náà ti ga dé àyà mi báyìí. Akàn ti padà wá. Lánàá mo bu omi lábẹ́ rẹ̀ wò, ọmọ ẹja kún inú igbá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan dé. Abúlé ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan dárúkọ ẹnì kan tí yóò máa dáhùn fún ìpín ìdílé rẹ̀ nínú igbó ẹ̀gbà. Ìdòwú, àbíkẹ́yìn yín, fẹ́ kó jẹ́ òun. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn kan ti bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń gé igi, òpó ilé ni wọ́n ń wá lára àwọn igi ńlá tó ṣẹ́ kù. Ìpín tiwa ló sì wà láàárín gan-an. Bí wọ́n bá ṣí i, omi yóò gba ibẹ̀ wọlé bá gbogbo wa. Mo dìde ní ìpàdé, mo dárúkọ Ẹ̀bùn.

Ìdòwú fò dìde. “Ẹ̀gbọ́n, igbó bàbá wa lẹ fẹ́ gbé fún obìnrin? Tó bá gbé e lọ sílé ọkọ ńkọ́?”

Ẹ̀bùn, tó ti ní ọmọ ọmọ, dá a lóhùn: “Bàbá kékeré, ọkọ mi ti kú, ilé rẹ̀ ló sì kángun sí tiyín. Ibo ni mo tún ń gbé igbó lọ?”

Ọlọ́jà, olórí abúlé wa, ní kí àwọn méjèèjì sọ ààlà ìpín náà. Ìdòwú ní láti ẹnu odò ni, títí dé ibi tí ọkọ̀ òun máa ń gúnlẹ̀ sí. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Ọkọ̀ rẹ wo? Èyí tó máa ń já okùn lọ kiri?” Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Ó wá kan Ẹ̀bùn. Ó dúró, ó di ojú, ó ń ka kùkùté. Kùkùté mẹ́ta níbi tí ẹrẹ̀ ti ń gbé bàtà mì, kùkùté ńlá kan tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó lé láti sinmi, méjì tó gún un lẹ́sẹ̀ nígbà ọmọdé, títí ó fi yí igbó náà po. Gbogbo kùkùté tó kà, èmi ni mo gé e. Kò sọ ọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Mo tẹjú mọ́lẹ̀, Bàbá, àmọ́ inú mi dùn ju bí mo ti lè sọ lọ.

Ọlọ́jà ní Ẹ̀bùn ni. Ìdòwú bínú fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó wá bi Ẹ̀bùn léèrè ibi tí òun ti lè ṣẹ́ igi gbígbẹ.

Ẹ̀bùn ń rẹ́rìn-ín bó ti ń kọ èyí. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ti sọ fún un ohun tí mo gé, ìdí tí mo fi gé e, àti ohun tó gbà lọ́wọ́ wa. N kò fi nǹkan kan pamọ́. Orúnkún mi kò gba ẹrẹ̀ mọ́. Èmi ni, ọmọ yín olórí kunkun, tó fẹ́ràn yín tí kò sọ ọ́ fún yín rí.

Ẹ̀bùn, ó tó. Igbó ti di tìrẹ. Kọ èyí tó kù fúnra rẹ: sọ fún bàbá mi ibi tí ẹ máa gbìn tí òjò yìí bá dá.