Èló Lo Máa Pe Igi Kpogan?

Tàófíìkì ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ṣé Lomé ṣì gbà ọ́ dáadáa? Àwa níbí ń dúpẹ́, gbogbo wa jí, gbogbo wa jẹun, orúnkún mi nìkan ló ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ọlọ́run tó ń gbé ọ gun igi, òun náà ni yóò máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìfarapa. Ìyá rẹ ní kí n bá òun ṣe àmín sí i, àmín o. Òjò ti rọ̀, àgbàdo ti hù, ewúrẹ́ ìyá rẹ ti bímọ, ó sì fi orúkọ rẹ pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà nítorí pé kò sí ohun tí kì í gùn.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù Èjìdé télọ̀, gbogbo wa la jọ gbọ́ ọ, títí kan àwọn tó wá gba aṣọ. Mo kí ọ, kí ọ, o ò dáhùn, o kàn ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Èjìdé ní ohùn tí wọ́n bá ti gbà sílẹ̀ kì í gbọ́ ìkíni. Mo ní irọ́ ni, ọmọ tí mo kọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀, ariwo ẹ̀rọ ìgégi yẹn ló ti dí i létí.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí níbẹ̀ ni pé o ní bí iṣẹ́ àdúgbò Kpogan yìí kò bá mú èrè wá, o máa ta ẹ̀rọ náà, wàá sì máa bọ̀ nílé. Háà! Ṣebí àgùntàn ìyá rẹ la tà ká tó rà á? Má tà á o. O mọ igi gé. Iye tí o máa pè ni o kò tíì mọ̀, ìyẹn sì ṣeé kọ́.

Wo ti ìyá àgbà tó wà ní àdúgbò Tokoin Wuiti. Ó béèrè pé èló, o dọ̀bálẹ̀, o ní ohun tí wọ́n bá fún ọ náà ni. Inú mi dùn pé o rántí ẹ̀kọ́ ilé. Níbí, bí o bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà, ojú á tì í, á fún ọ lówó, á sì fi iṣu lé e. Ní Lomé, ìyá náà gbà ọ́ gbọ́. Ó fún ọ ní gààrí àti àdúrà. Àdúrà dára púpọ̀, àmọ́ onímọ́tò tó bá ọ kó ẹ̀ka igi dànù kò gba àdúrà.

Ti Cacaveli ńkọ́? Wọ́n fi àwòrán igi ránṣẹ́, o pe owó lé e, o débẹ̀, o rí i pé igi ọ̀hún fẹ́ẹ̀ kan ọ̀run. Tàófíìkì, fóònù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, igi wo ni kò ní kéré nínú rẹ̀? Èmi ní kí wọ́n máa fi fóònù ńlá yà á, irú èyí tó wà lára ògiri nílé Alájì tí wọ́n fi ń wo bọ́ọ̀lù. Ìyá rẹ ní rárá, kí ẹnì kan nínú ilé lọ dúró sídìí igi kí wọ́n tó yà á, wàá fi ẹni yẹn mọ bó ṣe ga tó. Mo ní bí ẹni náà bá kúrú ńkọ́? Ìwọ ṣáà máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ wò ó.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni dẹfí, ìwé tí wọ́n ń kọ iye owó iṣẹ́ sí, tí Màdáámù Kpogan ní kí o kọ, pé kí o kọ iye tí wàá gbà lórí dóńgóyárò rẹ̀ tó tẹ̀ sórí ògiri aládùúgbò. Ta ló ń kọ iye sórí ìwé nígbà tí ẹ ò tíì nájà? Mo ronú títí, mo rí ọgbọ́n rẹ̀: kọ ìnájà náà sínú ìwé. Kọ iye tó ga. Kọ sábẹ́ rẹ̀ pé Màdáámù pariwo, ó ní o fẹ́ pa òun. Kọ pé o rẹ́rìn-ín, o bẹ̀ ẹ́ kó fi kún un. Kọ pé ó ṣe bí ẹni ń wọlé lọ, o pè é padà, o sì dín díẹ̀ kù. Kó wá fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Èjìdé, ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un lọ́wọ́. Inú mi dùn pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn orúnkún mi, àmọ́ kọ́kọ́ ra okùn ìbàdí tuntun, má fi ti àtijọ́ gun ti Kpogan. Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé náà ti ń fara ti òrùlé ilé ìdáná ìyá rẹ, nítorí náà kọ dẹfí tiwa wá. Má sọ pé ohun tí a bá fún ọ náà ni o, torí èmi náà máa gbà ọ́ gbọ́.

Bí mo ṣe kọ ibí yìí, ìyá rẹ jáde lọ dúró sábẹ́ máńgòrò náà, ó gbójú sókè, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó ní kí n bi ọ́ pé kí lo rò pé Màdáámù fẹ́ ra. Ó ní igi kọ́, Màdáámù ló kúkú ni igi rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní ẹni tó máa wà lókè yẹn, tí ilẹ̀ máa jìnnà sí, òun ni kí o pe iye rẹ̀. Mo fẹ́ bá a jiyàn, àfi bí omi ṣe bọ́ lójú mi. Ó ní kí n kọ èyí bí òun ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: kí o má ta ọmọ òun lọ́pọ̀.

Ẹ̀ka kò ní ṣẹ́ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹnu rẹ kò ní wúwo níbi tó ti yẹ kó pe iye. Wàá gun, wàá gé, wàá gbowó, wàá sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa.

Èmi bàbá rẹ,
Àṣírù