Ọmọ Káfíńtà Mọ́kànlélógójì

Ọjọ́ Ajé, 3 Èrèlé

Baba Ẹ̀rí, olùkọ́ mi ní yunifásítì, ti sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni kí iṣẹ́ ìwádìí mi dé orí tábìlì òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n lọ wá olùkọ́ mìíràn tí yóò máa fi ọjọ́ kún ọjọ́ fún mi. (Èmi ni mo sọ ọ́ ní Baba Ẹ̀rí, òun ò mọ̀. Bí mo bá kí i pé ẹ káàárọ̀, ó lè ní ẹ̀rí dà pé ilẹ̀ ti mọ́.)

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń wá ohun tó ń mú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama yege. Èrò tèmi ò le: ilé ni. Iṣẹ́ bàbá, ìwé tí ìyá kà, iye ìwé tó wà nílé. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta ti gbè mí lẹ́yìn. Ó ku ẹyọ kan.

Ìṣẹ́gun, 4 Èrèlé

Ilé-ẹ̀kọ́ kẹrin. Ọ̀gá àgbà wọn, Mádàámú, ní awò méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí. Ó ní kíláàsì kẹrin A ni kí n lọ wò. Òbí wọn ò kàwé, ilé wọn ò ní ìwé, síbẹ̀ àwọn ló ń gba máàkì tó ga jù. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní ìwé á wà níbì kan, wọ́n kàn fi pamọ́ ni.

Mo pín fọ́ọ̀mù fún ọmọ mọ́kànlélógójì. Tíṣà Ìṣirò, tó ni kíláàsì náà, ní kí n fi sílẹ̀ di ọ̀la, pé àwọn ọmọ òun kì í kánjú dáhùn ìbéèrè. Mo gbà. Ta ni ò ní gbà?

Ọjọ́rú, 5 Èrèlé

Fọ́ọ̀mù pé. Kò sí àlàfo kan nínú rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó jáde nínú ọgbà wọn.

Ọjọ́bọ̀, 6 Èrèlé

Àárọ̀ ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ọmọ kìíní: bàbá, káfíńtà. Ìyá, nọ́ọ̀sì. Ìwé nílé, mẹ́ta. Ọmọ kejì: káfíńtà, nọ́ọ̀sì, mẹ́ta. Mo ní ìbejì ni wọ́n. Ọmọ kẹta — mo ní ìbẹta. Nígbà tí mo dé orí ọmọ kẹsàn-án, mo dìde lọ mu omi.

Gbogbo wọn pátá! Ọmọ mọ́kànlélógójì, káfíńtà kan ṣoṣo, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ẹnì kan lọ bá mi kí obìnrin náà kú ewu.

Wọ́n jíwèé wò. Ó yé mi. Èyí tí kò yé mi ni irú ọmọ tí ń jíwèé wò lórí iṣẹ́ bàbá rẹ̀.

Ẹtì, 7 Èrèlé

Baba Ẹ̀rí pè. Mo ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Àìkú, 9 Èrèlé

Màámi pè, mo ròyìn fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n wá ní ṣé mo ti bi àwọn ọmọ náà léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní rárá. "Ọdún mẹ́ta lo fi ń ṣèwádìí, o ò tíì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan? Abèèrè kì í ṣìnà o, ọmọ mi."

Inú bí mi díẹ̀, nítorí pé òótọ́ ni.

Ọjọ́ Ajé, 10 Èrèlé

Mo wọ kíláàsì A bí adájọ́. Mo rò pé ojú á ti Tíṣà Ìṣirò. Ojú ò tì í rárá. Ó ní òfin tábìlì ni.

Òfin tábìlì rèé: nínú kíláàsì rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí gbogbo ọmọ tó wà ní tábìlì kan náà á fi lè ṣàlàyé rẹ̀. Bí tábìlì kan bá yàtọ̀ sí èkejì, àríyànjiyàn ni títí ìdáhùn á fi di ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ṣe sí fọ́ọ̀mù mi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bàbá gba odindi wákàtí kan. Awakọ̀ ì bá borí, àmọ́ ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ káfíńtà lóòótọ́ lẹ́nu jù, wọ́n bá dìbò, káfíńtà fi ìbò mẹ́fà lé e. Ti ìwé ni wọn ò dìbò sí. Wọ́n ro iye ìwé gbogbo ilé pọ̀, wọ́n pín in sí ọ̀nà mọ́kànlélógójì. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, àwọn ọmọ ọlọ́mọ ti bá mi ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ lẹ́yìn. "Àǹtí, kí ló fà á tí ẹ fi ń bínú?" Mo ní nítorí pé olúkúlùkù ló yẹ kó dáhùn tirẹ̀. Ó ní kí ló fà á. Mo ṣàlàyé. Ó ní kí ló fà á tí ìyẹn náà fi rí bẹ́ẹ̀. Òógùn bò mí. Tíṣà Ìṣirò ń rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́ níbi pátákó. Mo ti sọ ọmọ náà ní Kílófàá. Mo wo rẹ́jísítà kí n tó jáde: òun ló gbẹ́yìn nínú máàkì, ẹnì kọkànlélógójì nínú mọ́kànlélógójì.

Ọjọ́rú, 12 Èrèlé

Fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kejì. Gbọ̀ngàn ńlá ni mo kó wọn sí báyìí, àga kan jìnnà sí èkejì. Mo ní kò sí ìdáhùn tó tọ̀nà, kò sí èyí tí kò tọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí ohun tí wọ́n kọ. Ọmọ kan ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo lẹ ṣe máa mọ ẹni tó yege? Mo ní kó máa kọ̀wé rẹ̀.

Wọ́n jókòó bí ẹni tí ń dúró de dókítà eyín. Àánú wọn ṣe mí.

Ẹtì, 14 Èrèlé

Káfíńtà ti padà di ẹyọ kan. Awakọ̀ mọ́kànlá. Mẹ́jọ ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ilé méje ni kò ní ìwé kankan. Nípa èrò tèmi, ó yẹ kí kíláàsì yìí máa fìdí rẹmi láàárọ̀ lálẹ́. Àwọn ló ń ṣáájú.

Ọdún mẹ́ta. Mo sunkún díẹ̀, mo jẹ búrẹ́dì, mo tún sunkún díẹ̀.

Àbámẹ́ta, 15 Èrèlé

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìbéèrè kọkàndínlógún: *Ta ló ń ràn ọ́ lọ́wọ́ jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ?* Mo ń retí ìyá, bàbá, tíṣà. Orúkọ ọmọ kíláàsì ara wọn ni wọ́n kọ. Mọ́kànlá nínú wọn kọ orúkọ kan náà.

Kílófàá.

Mo ní wọ́n tún ti jíwèé wò. Àmọ́ àga wọn jìnnà síra, àlàyé wọn ò sì jọra. Ọ̀kan ní, "Ó máa ń béèrè títí á fi yé èmi náà." Ọ̀kan ní, "Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n kó tó bi mí." Ará ẹ̀yìn ló ń kọ́ àwọn ará iwájú, kò sì sí àyè fún un nínú rẹ́jísítà.

Ọjọ́ Ajé, 17 Èrèlé

Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu Tíṣà Ìṣirò. Mádàámú fẹ́ kí ìdá àwọn tó máa yege nínú ìdánwò ńlá ga sí i, wọ́n fẹ́ dá ẹni tó gbẹ́yìn nínú A, B àti C padà sí kíláàsì kẹta. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n máa fọwọ́ sí i. Orúkọ Kílófàá ló ṣáájú. Bó ṣe gbẹ́yìn ní gbogbo ọ̀nà nìyẹn, ibi kan ṣoṣo tó ti wá ṣíwájú nìyí.

Tíṣà ní òun ti bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n ní máàkì làwọn ń wò.

Ìṣẹ́gun, 18 Èrèlé

Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni ò ní rí i.

Ọjọ́bọ̀, 20 Èrèlé

Mo padà sí kíláàsì A. Mo ní mo fẹ́ fi ìdáhùn sí ìbéèrè kọkàndínlógún han Mádàámú, láìsọ ẹni tó kọ èwo, àmọ́ mi ò ní fi hàn bí ẹnì kan ṣoṣo bá kọ̀. Wọ́n ní kí n jáde. Òfin tábìlì. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, mò ń jẹ èékánná bí ọmọ tó ń retí èsì.

Wọ́n gbà. Mo wá pe Kílófàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ ló pọ̀ jù. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo bàtà rẹ̀. "Kí ló fà á tí wọ́n fi kọ orúkọ mi? Èmi ni mi ò mọ̀wé jù." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ó ní kí n fi hàn, bó bá yé Mádàámú kí n wá ṣàlàyé fún òun náà.

Ọjọ́rú, 26 Èrèlé

Mo ti gbé iṣẹ́ fún Baba Ẹ̀rí, ó ku ọjọ́ méjì! Wọ́n ka orí tó kẹ́yìn lójú mi. "Ẹ̀rí rẹ lòdì sí èrò rẹ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní, "A jẹ́ pé ìwádìí lo ṣe." Wọn ò béèrè ẹ̀rí kankan mọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe délé.

Ẹtì, 28 Èrèlé

Ọ́fíìsì Mádàámú. Ìwé tí orúkọ ọmọ mẹ́ta wà nínú rẹ̀ wà níwájú wọn, bírò ti wà ní ṣíṣí. Mo gbé àtẹ mi kalẹ̀. Mo ní kò sí òbí, kò sí tíṣà tí orúkọ rẹ̀ jáde tó ti ọmọ yìí, pé ẹni tó bá ń ṣàlàyé fún un ni nǹkan náà ń yé, pé bí wọ́n bá mú un kúrò, máàkì tí wọ́n fẹ́ gbé ga ló máa wálẹ̀. Mo ti kó òwe mẹ́ta sẹ́nu de àríyànjiyàn.

Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n ka àtẹ náà, wọ́n tún un kà. Wọ́n ní iye ẹni tó yege làwọn ọ̀gá òkè máa ń bi àwọn, kò sẹ́ni tó tíì bi àwọn rí pé ta ló ń ṣàlàyé fún ta. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rajà: "Ṣé a ò lè rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ méjì sí i? Ọ̀kan fún B, ọ̀kan fún C?"

Mo wo ojú wọn. Mo wo ìwé náà. Mo ní, "Ẹ ti ní wọn, Mà. Àwọn tí orúkọ wọn wà lábẹ́ tirẹ̀ yẹn ni. Òfin tábìlì ni kíláàsì wọn ò tíì ní."

Wọ́n dé bírò wọn, wọ́n ní kí n lọ bá wọn pe Tíṣà Ìṣirò wá.