Ẹ́ńjìnnì Tó Kú Kì Í Wúkọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé yín mì. Ara tèmi le, orúnkún nìkan ló ń ráhùn, mi ò sì dá a lóhùn.

Mo ka iṣẹ́ tí o tẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, pé kí n ta mọ́tò tí olóògbé bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, pé obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò yẹ lẹ́ni tó ń wakọ̀. Mi ò tà á. Jókòó, kí n rojọ́ fún ọ.

Iná kékeré kan ló tàn lẹ́yìn sítíárìn níwájú mi bí mo ṣe ń wakọ̀, ó pọ́n bí ìyeyè, ó rí bí ìkòkò kékeré. Mo rò pé mọ́tò ń sọ fún mi pé omi òun ti gbóná ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni ìyàwó bíríkìlà kan lórí òkè ń rọbí, mo bá gbé nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, ó di ọ̀nà. Bí a ṣe dé ẹsẹ̀ òkè báyìí, agbára mọ́tò tán. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ó kàn ń gbọ̀n ni, ó ń wúkọ́, bàbá kan tó ru igi kọjá lára wa, ó tún dúró kí wa. Nọ́ọ̀sì ní kí n má bínú, pé òun á fẹsẹ̀ rìn, ó sì débẹ̀ ṣáájú mi. Ọpẹ́ ni pé a gbọ́ ohùn ìyá, a gbọ́ ti ọmọ. Ṣùgbọ́n ojú tì mí.

Mẹkáníìkì ìkóríta ní ẹ́ńjìnnì ti kú, pé àfi kí òun sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí òun tú u. Mo ní ẹ́ńjìnnì tó kú kì í wúkọ́. Mo yí mọ́tò padà níwájú rẹ̀, mo rọra wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tún wáyà mọ́tò ṣe. Ó ki okùn ẹ̀rọ kékeré kan bọ abẹ́ sítíárìn, ẹ̀rọ náà sì kọ lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́rin. Èmi rò pé nọ́ńbà fóònù àwọn tó ṣe mọ́tò ni, ni mo bá tẹ̀ ẹ́ kí n lè bá wọn jà. Arábìnrin kan nínú fóònù ní nọ́ńbà náà kò pé. Mo ní kí ó lọ bi mọ́tò, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, kò tilẹ̀ kí mi.

Oníwáyà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé pé mẹ́rin ni àwọn tó ń fa mọ́tò nínú ẹ́ńjìnnì, pé ẹni kẹta ni kò ṣiṣẹ́. Ó yọ kọ́ìlì tó ń fún ẹni kẹta níná, ó gbé e fún ẹni kìíní, ó gbé ti ẹni kìíní fún ẹni kẹta, ẹ̀rọ bá ní ẹni kìíní ló ń ṣọ̀lẹ wàyí. Àṣé kọ́ìlì ni ọ̀lẹ! Ẹ́ńjìnnì kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Ó yá mi ní kọ́ìlì àlòkù, ó pa iná bí ìkòkò náà, mo sì gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀mẹta láìní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Mo fun fèrè dáadáa níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Nítorí náà, fi owó kọ́ìlì tuntun ránṣẹ́, àti ti tìmùtìmù tí n ó fi jókòó, kí ojú mi lè ga ju sítíárìn lọ. Má fi gba báńkì o. Èyí tí o fi ránṣẹ́ níjọ́sí, mo ní kí wọ́n kó owó ọmọ mi gan-an fún mi, owó ẹlòmíràn ni wọ́n kà lé mi lọ́wọ́.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ọmọ tìrẹ kò ní gbó ọ lẹ́nu bí o ṣe ń gbó mi. Bí o bá ń bọ̀ wálé, má wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, dúró sí ibùdókọ̀, èmi ni n ó wá gbé ọ. Ẹ̀yìn ni kí o jókòó sí, kí o sì panu mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, onímọ́tò.